Ọ̀nà Tí Azruna Ń Gbẹ́ Lọ Sọ́dọ̀ Ọmọ Rẹ̀

Wọ́n ní Azruna ń gbẹ́ sàréè ara rẹ̀. Ẹnu àwọn tó ń fún ràkúnmí lómi ni ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ jáde, kí oòrùn sì tó yí, ó ti wọ gbogbo ilé tó wà lábẹ́ ilẹ̀ Gharun. Èmi náà gbà á gbọ́ dé ìdajì. Kí ni opó tí gbogbo ọmọ rẹ̀ ti relé ọkọ fẹ́ fi yàrá tuntun ṣe? Síbẹ̀, àràárọ̀ ni ó ń ru yẹ̀pẹ̀ jáde, yẹ̀pẹ̀ pupa, tútù, ti ìsàlẹ̀ pátápátá. Òkìtì rẹ̀ ti ga tó ràkúnmí tó kúnlẹ̀.

Ẹni tó bá mọ Azruna láti kékeré mọ̀ pé ìjókòó kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bó bá ń gbàdúrà pàápàá, tó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri bí Ọlọ́run, Ọba Agbẹ́lẹ̀, ti pa á láṣẹ fún wa, ìka rẹ̀ á máa wá ibi tó rọ̀ kiri. Ọkọ rẹ̀, kí ilẹ̀ rọ̀ ọ́ lọ́rùn, máa ń sọ pé ìyàwó lòun fẹ́, òkété ló wọlé wá bá òun. Nígbà tí ọkọ náà kú, Azruna gbẹ́ àká kan tí kò kó nǹkan kan sí. Nígbà tí àkọ́bí rẹ̀ relé ọkọ, ó gbẹ́ àga sára ògiri yípo àgbàlá, kò sì fìdí kan ọ̀kankan nínú wọn di òní.

Ṣùgbọ́n ti Kelwi, àbígbẹ̀yìn rẹ̀, yàtọ̀. Ilé Shedaba, bàbá ọkọ rẹ̀, ní òdìkejì àfonífojì gbígbẹ, ni Kelwi fẹ́ sí, ìyàwó tuntun kì í sì í gòkè wá rí oòrùn títí yóò fi bímọ. Ìyá ló ń lọ bá ọmọ. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, Azruna wọ ilé àna, àjà ilé sì gbá a lórí gbì.

Ó fọwọ́ pa orí, ó ní, "Ṣé ilé nìyí ni, àbí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn ní ìkúnlẹ̀?"

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, àfi Shedaba. Ní Gharun, o lè bú imú èèyàn, o lè bú ọbẹ̀ rẹ̀, wọ́n á dárí jì ọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ilé tí bàbá èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́, a kì í bú u. Láti ọjọ́ náà ni Shedaba ti ń yí òkúta dí ẹnu ọ̀nà bó bá ti rí Azruna lókèèrè. Ó ní ọjọ́ tí obìnrin náà bá sọ ọ́ lójú ayé pé àjà òun ga, ọjọ́ náà ni yóò fojú kan ọmọ rẹ̀.

Azruna kò kọ̀ láti bẹ̀bẹ̀. Ó ní òun á kúnlẹ̀ títí orúnkún á fi bó, ṣùgbọ́n òun ò ní pa irọ́ tí Ọlọ́run á gbọ́ nítorí àjà. Nígbà tí àwọn apọnmi wá sọ pé ikùn Kelwi ti sọ̀ kalẹ̀, kò lè sùn, kò lè jẹun. Á gbé jéró kaná, á gbàgbé rẹ̀, ilé á gba èéfín. Ló bá gbé ọkọ́, ó kọjú sí ilé Shedaba lábẹ́ ilẹ̀.

Ó ń lọ dáadáa títí ó fi kan òkúta funfun kan. Ó yí i ká gba ọwọ́ òsì, kò sì yí padà tó bó ṣe yẹ. Bó ṣe ń gbẹ́ lọ, ẹsẹ̀ méjì já wọlé láti òkè, wọ́n ń jà fitafita lójú rẹ̀. Azruna ké pe Ọlọ́run. Òbúkọ Baba Mordal ké tirẹ̀ náà.

Baba Mordal ni àgbà Gharun. Ó fa òbúkọ náà wá sí àgbàlá Azruna, Shedaba sì tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí ó ti gbọ́ ibi tí ihò náà kọjú sí.

"Azruna, kí ló sọ nù lọ́wọ́ rẹ lábẹ́ òbúkọ mi?"

"Ẹ má bínú, Baba. Mo ṣìnà ni."

"O ṣìnà! Bàbá rẹ gbẹ́ kànga wa ní òkùnkùn, kò yẹ̀ tó ìbú ìka. Ìwọ ṣìnà!"

"Òkúta ló mú mi yà, Baba. Ẹ bi òkúta."

Shedaba pàtẹ́wọ́. "Ẹ bá mi wò ó, Baba. Ẹni tí àjà mi rẹlẹ̀ jù fún, òun ló ń rákò bí òkété."

"Ẹ kú ilé, àna mi," ni Azruna wí. "Ẹni tó ń rákò nínú ihò mọ̀ pé ihò ni. Kò pè é ní ilé."

"Ẹ ò gbọ́ ẹnu rẹ̀!"

"Ẹ dákẹ́!" Baba Mordal fi ọ̀pá kanlẹ̀. "Ilé méjì kì í ṣí ọ̀nà síra wọn láìjẹ́ pé ìdílé méjèèjì fọwọ́ sí i. A ó dí ihò yìí lónìí. Azruna, jókòó, o ń mú kí òòyì kọ́ mi."

Azruna ń gbé igbá láti ibí sí ọ̀hún, ó tún ń gbé e padà. "Báwo ni Kelwi?"

"Ara rẹ̀ le," ni Shedaba dáhùn.

"Ṣé ó ń jẹun?"

"Ó ń jẹ ju òbúkọ yìí lọ."

"Ṣé kò tíì rọbí?"

Shedaba bojú wo òbúkọ. "Ó ṣì kù díẹ̀."

Azruna gbé igbá náà sílẹ̀ níkẹyìn. Èjìká rẹ̀ rọ̀. "Ó dáa. Kí lẹ fẹ́ kí n sọ?"

"Pé àjà mi ga."

"Fọwọ́ kan ògiri," ni Baba wí, "kí o búra pé o ò ní gbẹ́ mọ́, kí o sì sọ ohun tí àna rẹ fẹ́, kí n lè wá nǹkan fi sẹ́sẹ̀ ẹran mi."

Azruna gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ihò. Ó bẹ Ọlọ́run nínú ara rẹ̀ pé kó wo ibòmíràn díẹ̀. "Àjà Shedaba..."

Nǹkan kan kan ọwọ́ rẹ̀ láti inú ògiri: ẹ̀ẹ̀mejì, ìdákẹ́, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀kan. Bí Kelwi ṣe máa ń kan ògiri pè é nìyẹn kí ẹnu rẹ̀ tó mọ "ìyá". Ó tún kàn án. Èyí kò le tó ti àkọ́kọ́.

"Àjà mi ńkọ́?" ni Shedaba wí. "Ẹ parí rẹ̀!"

Azruna nawọ́ gbé ọkọ́.

Shedaba di aṣọ rẹ̀ mú. "Níbo lẹ ń lọ? Àwọn agbẹ̀bí ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀ láti àná, wọn ò bèèrè yín!"

Baba Mordal yíjú sí i díẹ̀díẹ̀. "Láti àná? Ṣé kì í ṣe ìwọ lo ní ó ṣì kù díẹ̀?"

"Baba, ohun tí mo ń sọ ni pé..."

"Kí lò ń sọ? Tún un sọ kí n gbọ́!"

"Ẹ̀yin ẹ máa bá a lọ," ni Azruna wí. Ó já aṣọ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ Shedaba, ó tẹrí ba, ó sì wọ inú ihò lọ. Baba ṣì ń bèèrè, Shedaba ṣì ń ṣàlàyé, òbúkọ sì ń dá sí i.