Àlọ́ Tí Mo Pa fún Bàbá Mi Tí Kò Lè Sọ̀rọ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fìdí kalẹ̀ kí n ròyìn ohun tójú mi rí nílé wa ní Kétu. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ ọ́, ṣùgbọ́n tí n bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, ẹ̀rín á gbé mi, ẹkún á sì tún gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Lónìí mo ti pinnu, mo máa kọ ọ́ tán.

Ọ̀rọ̀ Bàbá mi ni. Bíríkìlà ni wọ́n. Ìgbà ọ̀dọ́ wọn ni wọ́n ti Ṣakí wá sí Èkó, àìmọye ilé tó wà ní Ìkòsì ló jẹ́ pé ọwọ́ wọn ló mọ ọ́n. Tẹ́ ẹ bá bá wọn rìn ládùúgbò, ẹ ò ní tètè délé, torí kò sí ògiri tí wọn ò ní ìtàn tí wọ́n fẹ́ sọ nípa ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ò wọ́n lẹ́nu Bàbá rárá!

Àfi bí wọ́n ṣe jí láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn ò gbọ́ràn mọ́. Ẹnu wọn wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Sítíróòkù ni wọ́n pè é ní ọsibítù. A dúpẹ́ pé ẹ̀mí ò lọ sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu Bàbá pátápátá. Ohun tó kù ò ju “ẹ̀n-ẹ̀n” lọ, tó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, tó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, tó sì lè jẹ́ ẹ kúrò níwájú mi.

Èmi ni mo gbà wọ́n sọ́dọ̀. Aránṣọ ni mí, iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, mo lè máa rán aṣọ kí n sì máa yọjú sí wọn. Obìnrin tó ń bá wọn na ọwọ́ na ẹsẹ̀ ní ọsibítù ní ká máa gbé wọn wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó tún kìlọ̀ fún mi pé kí n má dákẹ́ sí wọn lára, kí n máa bá wọn sọ̀rọ̀ bí èèyàn ṣe ń bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀.

Ta ló fẹ́ gba ìyẹn gbọ́? Àwọn tó ń wá kí wọn á jókòó síwájú wọn, èmi ni wọ́n á sì máa bi léèrè. Ṣé Bàbá ti jẹun? Ṣé Bàbá ń sùn dáadáa? Bàbá rèé níwájú yín o! Àwọn míì á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo sí wọn létí. Ṣé etí ló ń dùn wọ́n ni? Obìnrin kan tiẹ̀ ń ṣe “pẹ̀lẹ́, ọkọ mi” fún wọn bí ẹni ń rẹ ọmọ. Mo rí bí Bàbá ṣe wò ó. Ká ní ẹnu ṣì wà ni, ìyá yẹn ì bá gbọ́ tiẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Bùrọ̀dá Ráṣídì, tó ń gbé ní Magodo, náà wá. Ó jókòó ti Bàbá, ó bi wọ́n pé kí ni orúkọ wọn, ó bi wọ́n pé ọjọ́ wo la wà, ó bi wọ́n pé ọmọ mélòó ni wọ́n bí. Bàbá kàn ń wò ó ni, tí omi ń dà lójú wọn. Bùrọ̀dá ò lè fara dà á, ó bọ́ síta. Nígbà tó máa wọlé padà, ó ti parí èrò. Ó ní Bàbá ò mọ nǹkan kan mọ́, pé ká gbé wọn lọ sí Ṣakí, sọ́dọ̀ àbúrò wọn obìnrin tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ṣakí. Ó ní ibẹ̀ tutù, pé ara á tù wọ́n níbẹ̀ títí tí Ọlọ́run á fi pè wọ́n.

Bùrọ̀dá kì í ṣe èèyàn burúkú o. Àánú Bàbá ló ń ṣe é, àánú èmi náà sì wà ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n inú bí mi. Ta ló máa máa bá wọn na ọwọ́ ní Ṣakí? Ta ló máa gbé wọn lọ sí ọsibítù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Ẹní ni wọ́n máa tẹ́ fún wọn lábẹ́ igi, tí wọ́n á máa ṣe wọ́n ní pẹ̀lẹ́. Tí a bá ti lè fẹnu kò pé ọpọlọ wọn ti lọ, ọ̀rọ̀ ò ní padà sẹ́nu wọn mọ́ láéláé. Mo ní níṣojú mi kọ́!

Àmọ́, báwo ni mo ṣe fẹ́ fi hàn pé ọpọlọ Bàbá pé? Ẹni tí kò lè sọ orúkọ ara ẹ̀?

Ibi tí mo ti ń rò ó nìyẹn, tí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan fi dé. Wọ́n ti mú iná lọ, a ti jẹun tán, èmi àti Bàbá nìkan la wà nínú pálọ̀. Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo ń ti bọ́tìnnì mọ́ búláòsì oníbàárà kan lára. Ilé dákẹ́ jù fún mi. Ṣé ẹ mọ̀ pé tí iná bá ti lọ nígbà tá a wà ní kékeré, àlọ́ ni Bàbá máa ń pa fún wa? Ni mo bá kàn ju ọ̀kan sílẹ̀. Mo ní, “Àlọ́ o.” Mo tún fúnra mi dáhùn pé, “Àlọ̀.” Mo ní, “Awẹ́ obì kan, à-jẹ-dọ́yọ̀ọ́.”

Mi ò retí ìdáhùn kankan o. Nígbà tí mo máa gbójú sókè, Bàbá ti yọ ahọ́n síta!

Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé àìsàn yẹn ló tún gbé òmíràn dé. Mo ti dìde pé kí n lọ pe ará ilé kejì. Bàbá fa ahọ́n wọlé, wọ́n tún yọ ọ́ síta, wọ́n sì fi ojú wò mí bí ìgbà tí mo bá gba òdo wálé ní ilé ìwé. Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Ahọ́n ni ìdáhùn àlọ́ náà! Awẹ́ obì tá a ń jẹ tí a fi dé Ọ̀yọ́ tí kò tán lẹ́nu, kí ni ì bá tún jẹ́?

Mo ní, gbogbo ilé sùn, Káńbó ò sùn. Bàbá fi ọwọ́ òsì kan imú wọn. Mo ní, kí ló bọ́ sódò tí kò ró tàló? Wọ́n nawọ́ sí abẹ́rẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ òsì yìí máa ń ti Bàbá lójú o, torí ẹni tí wọ́n kọ́ dáadáa ni wọ́n, ṣùgbọ́n òun nìkan ló kù tó ń ṣiṣẹ́. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún, mo sì rẹ́rìn-ín. Àwọn nǹkan tó wà nínú ilé àti lára èèyàn ni ìdáhùn àlọ́ tiwa. Kò dìgbà tí ẹnu bá sọ ọ́!

Láti ìrọ̀lẹ́ yẹn, kò sí ọjọ́ tá a jẹun alẹ́ tán tá ò pàlọ́. Mo fi fóònù pe Bùrọ̀dá, mo rò fún un. Ó gbọ́ mi tán, ó ní òun ti ránṣẹ́ sí Ìyá Ṣakí, pé wọ́n ti ń bọ̀ ní Sátidé, ilẹ̀ ọjọ́ kejì ló máa mọ́ tí wọ́n á gbé Bàbá lọ. Mo ní kò burú, kí wọ́n máa bọ̀. Mo ní ojú gbogbo wọn ló máa rí i.

Sátidé pé. Mo wọ búbá funfun tí mo fọwọ́ ara mi rán sí Bàbá lọ́rùn, mo fá irùngbọ̀n wọn. Bá a ṣe kírun Àìlà tán ni Bùrọ̀dá àti Ìyá Ṣakí dé. Mi ò tiẹ̀ jẹ́ kí wọ́n mumi tán. Mo ní “Àlọ́ o”, àwọn méjèèjì ní “Àlọ̀”. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí awẹ́ obì.

Bàbá wò mí. Wọ́n pa ẹnu dé.

Mo tún un pa. Wọ́n mi orí pé rárá. Mo bọ́ sórí Káńbó tí kò sùn, Bàbá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo kúkú gbé abẹ́rẹ́ síwájú wọn gangan, mo ní kí ló bọ́ sódò tí kò ró tàló. Bàbá fajú ro, wọ́n gbé ọwọ́ òsì sókè, wọ́n nà án sí fèrèsé. Mo tún bi wọ́n, wọ́n tún nà án sí fèrèsé. “Ẹ̀n-ẹ̀n,” fèrèsé.

Ojú tì mí, ẹ̀yin èèyàn mi. Àbí àlá lásán ni mo ti ń lá? Ìyá Ṣakí ti ń fi etí gèlè nu ojú. Bùrọ̀dá dìde, ó fọwọ́ lé mi léjìká, ó ní, “Rábì, you've tried. Jẹ́ ká gbà fún Ọlọ́run.”

Mo ní mi ò gbà. Mo lọ síbi fèrèsé yẹn, mo yọrí síta. Kí ló wà níbẹ̀? Kẹ̀kẹ́ méjì kan dúró, aṣọ ará ilé kejì wà lórí okùn, oòrùn sì mú débi pé aṣọ náà ti gan. Oòrùn! Ọ̀sán gangan!

Mo rántí pé nígbà tá a wà ní kékeré, ẹni tó bá dán an wò kó pàlọ́ lọ́sàn-án nílé wa, ohùn Bàbá ló máa lé e jáde. Iṣẹ́ ni wọ́n ń fi ọ̀sán ṣe, alẹ́ ló ni àlọ́. Wọ́n ní èèwọ̀ ni, wọn ò sì jẹ́ ká fi ṣeré rí. Èmi tí mo sì ti ń pa á ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ yìí, torí iṣẹ́ ni mi ò fi ń pa á lọ́sàn-án. Mi ò rántí èèwọ̀ kankan!

Mo yíjú padà, mo ní, “Bàbá, ṣé torí pé ilẹ̀ ò tíì ṣú ni?”

Bàbá mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, débi pé fìlà bọ́ lórí wọn.

Ìyá Ṣakí ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìgbálẹ̀ ni ìyá àwọn fi máa ń lé àwọn kiri àgbàlá lórí ọ̀rọ̀ àlọ́ ọ̀sán, pé ẹ̀gbọ́n àwọn yìí gan-an ló máa ń lọ fẹjọ́ sùn. Wọ́n dojú kọ Bùrọ̀dá, wọ́n ní, “Ráṣídì, ẹni tí kò mọ nǹkan kan mọ́ ló rántí èèwọ̀ tí ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ti gbàgbé yìí?”

Bùrọ̀dá wo aago, ó bọ́ bàtà, ó sì jókòó. Ó ní ó dáa, òun máa dúró kí ilẹ̀ ṣú.

Bá a ṣe kírun Màgàríbì tán, Bùrọ̀dá fúnra ẹ̀ ló lọ lóṣòó síwájú Bàbá. Ó ní kí n má dá sí i, kó má baà dà bíi pé mo ti kọ́ wọn. Ó ní, “Òrúkú tindí tindí, òrúkú tindì tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò.”

Bàbá wo yàrá yíká. Ohun tí wọ́n ń wá ò sí níbẹ̀. Wọ́n gbá ọwọ́ àga, wọ́n ní “ẹ̀n-ẹ̀n”, wọ́n fẹ́ dìde! Bùrọ̀dá gbá wọn mú, wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ sí kíṣìnì, èmi àti Ìyá Ṣakí tẹ̀ lé wọn. Ibi tí mo ń kó oúnjẹ tútù sí ni wọ́n lọ. Wọ́n ki ọwọ́ òsì bọ inú ike ẹ̀wà, wọ́n bù ú, wọ́n dà á sí àtẹ́lẹwọ́ Bùrọ̀dá. Ẹ̀wà funfun olójú dúdú, gbogbo wọn lé tìróò.

Ẹ̀gbọ́n mi sunkún bí ọmọdé. Ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ pé ẹ ṣì wà níbẹ̀.”

Ẹ rò pé ó parí? Bá a ṣe dá wọn padà sórí àga, Bàbá gbé ọwọ́ sókè. Ẹni tó bá já àlọ́ ló kàn láti pa tiẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún tó ti kú tipiri, wọ́n tẹ́ ẹ sórí itan. Wọ́n nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n dijú bí ẹni tó sùn, wọ́n lajú, wọ́n tún nawọ́ sí gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wá ń wò wá.

A ní oorun ni, wọ́n mi orí pé rárá. A ní òjìji ni, rárá. Ìyá Ṣakí ní ìlẹ̀kùn ni. Bùrọ̀dá ní àlejò ni. Rárá, rárá! Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í fi wá rẹ́rìn-ín, ẹnu wọn wọ́, itọ́ ń já bọ́, wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín. Mi ò gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti ọjọ́ tí àìsàn ti dé. A ní ó sú wa, kí wọ́n sọ ọ́ fún wa. Bàbá la ẹnu, wọ́n gbìyànjú títí, atẹ́gùn nìkan ló jáde.

Bùrọ̀dá ló wá sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ìyá Ṣakí, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wá. Bàbá ò lọ mọ́. Wọ́n jẹ wá ní ìdáhùn kan.”

Ọkọ̀ Bùrọ̀dá la fi ń lọ sí ọsibítù báyìí. Òun fúnra ẹ̀ ló ń wá a. Bàbá ti ń pe “omi” kó yéni, wọ́n sì ti ń pe ìdajì orúkọ mi. Ìdáhùn yẹn ò tíì jáde. Lálaalẹ́ ni wọ́n ń gbìyànjú ẹ̀, lálaalẹ́ ni mo ń jókòó tì wọ́n.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé kéèyàn má sáré sọ pé ẹni tí ẹnu ẹ̀ ti pa dé, ọpọlọ ẹ̀ ti kú. Bóyá ìbéèrè tiwa ni kò dáa. Ẹ má sì jẹ́ kí àánú yín yára ju sùúrù yín lọ.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ṣé ẹ ti ní ẹni tí ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu ẹ̀ rí nínú ilé yín? Ọ̀nà wo lẹ gbà gbọ́ra yín yé? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, mo máa kà á fún Bàbá. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá mọ ìdáhùn àlọ́ wọn, mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ ọ́ fún mi. Ẹnu Bàbá mi ni mo fẹ́ ti gbọ́ ọ.