Ìlú Abẹ́ Odò

Òjò ló lé Àrìnpé wọ ṣọ́ọ̀bù Shakirah, obìnrin tó ń ta ìwé àlòkù ní Àgbowó. Bó ṣe ń nu ojú ló rí ìwé pẹlẹbẹ kan láàárín àwọn ìwé ìdánwò: lójú èèpo rẹ̀, ọmọbìnrin kan dúró létí odò pẹ̀lú korobá, ó ń wo inú omi. Àrìnpé fà á yọ, ó sì rà á. Ìwé tí bàbá rẹ̀ máa ń kà fún un ní Adó-Èkìtì nìyẹn, nígbà tí kò tíì mọ̀wé kà.

Ìlú kan wà lábẹ́ odò nínú ìwé náà. Ilé gíláàsì ni wọ́n ń gbé níbẹ̀, ẹja tó ń tàn bí àtùpà a máa wẹ̀ kiri òpópónà, ìyá arúgbó kan sì ń fi ìkùukùu hun aṣọ láìgbójú sókè wo ẹni tó bá wọlé. Títí dòní, bí oorun bá fẹ́ gbé Àrìnpé lọ, ìlú yẹn ló máa ń gbà kọjá.

Nígbà tó délé ní Bódìjà, ó nasẹ̀ sórí àga, ó ṣí ìwé. Ọmọ náà ṣubú sódò, apẹja kan fà á jáde, ìyá rẹ̀ sì kìlọ̀ fún un. Ìwé tán. Àrìnpé yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ewé kan ti já. Kò sí èyí tó já.

Ó pe bàbá rẹ̀.

“Bàámi, mo rí ìwé odò yẹn. Ìlú abẹ́ omi ò sí níbẹ̀.”

Bàbá rẹ́rìn-ín wẹ́rẹ́. “Kò sí níbẹ̀ lóòótọ́. Ìwé yẹn kúrú, ìwọ náà ò sì ní gbà pé ó ti tán. Màá kàn máa ṣí i, màá máa sọ ohun tó bá wá sí mi lẹ́nu.”

“Ìyá tó ń hun aṣọ ńkọ́?”

“Ìyá mi ni. O ò bá wọn láyé. Mo fẹ́ kí ẹ mọra.”

Àrìnpé gbé fóònù mọ́ etí, òjò ń rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lórí páànù. “Ṣé lóòótọ́ ni wọn kì í gbójú sókè bí èèyàn bá wọlé?”

“Wọn kì í gbójú sókè. Wọ́n á kàn ní, ‘Jókòó.’ Wọ́n ti mọ ẹni tó wọlé.”

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, ó wọ mọ́tò lọ sí Adó. Bàbá mú un dé yàrá ẹ̀yìn, ó fi ọwọ́ kan ara ògiri tí ìyá Bàbá máa ń gbé òfì ìhunṣọ wọn tì nígbà ayé wọn. Òfì ti fara ra ibẹ̀ títí ó fi dán. Àrìnpé jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn tì í, bàbá sì jókòó tì í.