Burú Burú Kì Í Ṣe Ariwo

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe ní Highbridge nílùú òyìnbó, èmi tí mo ti ní ọmọ-ọmọ. Ará Japan ni màmá tí mò ń tọ́jú. Gẹ̀ẹ́sì ti ń yọ́ lọ lẹ́nu wọn, tèmi náà ò sì fi bẹ́ẹ̀ já gaara, ṣùgbọ́n a gbọ́ ara wa yé.

Nígbà tí híítà ilé wọn dákẹ́, wọ́n káwọ́ mọ́ àyà, wọ́n ní, "Buru buru." Mo ní, "Ó burú lóòótọ́, màmá." Mo ti rò pé Ọlọ́run fún wọn ní Yorùbá! Lọ́jọ́ kejì ó di "gata gata." Mo bi ọmọ wọn obìnrin lórí fóònù. Ẹ̀rín pa á. Ó ní bí àwọn ṣe ń pe gbígbọ̀n nìyẹn: tí òtútù bá ń gbọn ara, buru buru ni, tó bá le débi pé eyín ń lu eyín, ó di gata gata. Mo ní àwa náà ní rìrì, a ní pẹ̀pẹ̀.

Híítà ò tíì ṣiṣẹ́ tí nọ́ọ̀sì fi dé láti ọ́fíìsì tó gbà mí síṣẹ́. Ó wá wò ó bóyá orí màmá ṣì pé tó láti máa gbé ilé wọn, àbí kí wọ́n mú wọn lọ sí ilé àwọn arúgbó. Ọmọ Yorùbá ni, ibí ni wọ́n bí i sí. Ó bi màmá pé ọjọ́ wo la wà. Màmá ní, "Buru buru. Gata gata."

Ó kọ̀wé, ó na bébà sí mi. "Mà, ẹ sáìnì síbí. Mo kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ wọn ò nítumọ̀ mọ́."

"N ò sáìnì."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ariwo lásán ni."

"Bí ìyá tó bí ọ bá ní òun ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀, ṣé orí rẹ̀ ti dàrú nìyẹn?"

"Mọ́mì mi kì í sọ bẹ́ẹ̀."

"Òtútù ò tíì mú un tó ni."

Ó ní òun á sọ fún ọ́fíìsì pé mo ya aláìgbọràn. Mo fa àga, mo jókòó. "Pè wọ́n. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí o ti wọlé, kí ló dé tí o ò bọ́ kóòtù?"

Ó wo ara rẹ̀. Ó gbá ọwọ́ màmá mú, ó tutù bíi yìnyín, ó sì tètè fi í sílẹ̀. Ó fagi lé ohun tó kọ.

Mo ní ìyẹn ò tó, kó kọ ọ̀rọ̀ màmá bí wọ́n ṣe sọ ọ́, kó fi ìtumọ̀ sí i, pé òtútù ló ń gbọn wọ́n.

"Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́?"

"Èmi tí n ò kàwé? Bi ẹni tó ni ín."

Màmá gba bírò, wọ́n fi lẹ́tà tiwọn kọ ọ́ gbàgàdà, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Nọ́ọ̀sì kọ ìtumọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó sáìnì.