Ọjọ́ Tí Kò Sí Òkú Nínú Rẹ̀

Nígbà tí ìdílé Andrew, ọkọ Tabitha, ti Mọ́pà wá sí Ìsánlú láti dá ọjọ́ ìgbéyàwó, Bàbá Bámgbóṣé, bàbá ìyàwó, jẹ obì wọn tán, kò gba ọjọ́ kankan.

"Bàbá, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìíní ńkọ́?"

"Ọjọ́ tí àwọn sójà pa àwọn olórí ìjọba. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ẹ̀, ọjọ́ yẹn náà ni ogun Bìáfíra parí. Ṣé orí ìyẹn lọmọ mi á ti jó?"

"Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ńkọ́?"

"Ọjọ́ tí wọ́n gé wa kúrò lára Kwara, tí wọ́n lẹ̀ wá mọ́ Kogi. Ojú ọgbẹ́ yẹn ò tíì jiná."

Wọ́n padà sílé. Tabitha ń sunkún: "Bàbá, Andrew á fẹ́ ẹlòmíì o!" Oṣù mẹ́ta kọjá kí Bàbá tó ti oko dé lọ́jọ́ kan, ọkọ́ léjìká, ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀. "Ọjọ́ kẹta oṣù Disẹ́mbà. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò tinú tẹ̀yìn, kò sí òkú níbẹ̀. Ẹni tó bá tún fẹ́ kú, kó wá ọjọ́ míì lọ."

Bàbá ò kàwé. Rédíò ló ń gbọ́ lóko iṣu, gbogbo òkú ìlú ló sì ń bá wọn sin. Lọ́dọ̀ wa, okun là ń kí ara wa, láyọ̀, lọ́fọ̀. Ṣùgbọ́n ìkíni ọ̀fọ̀ máa ń tán. Ti Bàbá kì í tán. Tí ọjọ́ tẹ́nì kan kú bá ti yí po, á ti dé ẹnu ọ̀nà wọn kí wọ́n tó gbálẹ̀ tán.

Ọkọ Theresa aládùúgbò wọn, Michael, kú. Theresa fẹ́ Lájídé. Lájídé ń mu ògì láàárọ̀ ọjọ́ kan, Bàbá wọlé. "Theresa, okun o. Òní ni Michael lọ."

Lájídé gbé ṣíbí sílẹ̀. "Bàbá, èmi wá ńkọ́?"

"Ìwọ? Ọjọ́ tìẹ ò tíì dé. Tó bá dé, màá wá kí Theresa."

Ti Agatha ò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Àwọn ajínigbé gbé Destiny ọmọ rẹ̀ lọ́nà oko, wọ́n gbowó, wọn ò dá a padà. Ará ìlú ò dárúkọ ọmọ náà mọ́. Bàbá lọ kí i nígbà tó pé ọdún, Agatha ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Lọ́dún kejì, ó tún tì í. Lọ́dún kẹta, ibà dá Bàbá gúnlẹ̀. Oòrùn ò tíì kan àtàrí tí Agatha fi dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

"Bàbá, ẹ ti gbàgbé wa ni?"

"Destiny? Èmi? Fa àpótí yẹn, jókòó."

Àìsàn tó gbé e lọ le. Gbogbo ilé ti ń sunkún, Tabitha di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Bàbá, ẹ lọ sinmi."

"Kí lòní?"

"Ọjọ́ kẹta oṣù Disẹ́mbà."

"Ó tì o. Ọjọ́ tìẹ nìyẹn." Ó gbá irin bẹ́ẹ̀dì mú, ó ń mí bí ẹni tó ru iṣu gun òkè. Ó ń bi wọ́n ṣáá: "Ṣé ilẹ̀ ti mọ́?" Nígbà tí àkùkọ kọ, Tabitha ní, "Ó ti mọ́, Bàbá."

"Ó dáa." Ó sì lọ.

Nígbà tó pé ọdún kan, Tabitha ò tíì gbálẹ̀ tán tẹ́nì kan fi kan ilẹ̀kùn. Lájídé ni, Theresa àti Agatha wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Tabitha, okun o. Òní ni." Lájídé fi ẹ̀yìn ọwọ́ nujú. "Ó ní tí ọjọ́ tèmi bá dé, òun ń bọ̀ wá kí ìyàwó mi. Wo bó ṣe já mi kulẹ̀."