Ahá Omi Ìyá Awẹmọ

Ahá kan ni. Kékeré. Inú rẹ̀ ti dúdú nítorí ọjọ́ tó ti pẹ́, etí rẹ̀ kan sán, wọ́n sì ti fi òwú rán an. Bí obìnrin kan bá bímọ ní Ìlá, tí wọ́n sì rí ahá yìí lọ́wọ́ Àsíátù lẹ́nu ọ̀nà, ọkàn gbogbo ilé á balẹ̀. Ìyá Awẹmọ ti dé nìyẹn.

Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tó ti ń wẹ ọmọ tuntun. Ọmọ mùsùlùmí, ọmọ onígbàgbọ́, kò yà wọ́n sọ́tọ̀. Á jókòó lórí àpótí, á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á tẹ́ ọmọ sórí ojúgun rẹ̀. Ọṣẹ. Kànhìnkànhìn. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Á na apá ọmọ, á na ẹsẹ̀ rẹ̀, á fi òrí pa á lára. Gbogbo ìyẹn, àwọn obìnrin mìíràn mọ̀ ọ́n ṣe. Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ ń pe Àsíátù ni ti ìparí: omi rírọ.

Á gbé ọmọ dùbúlẹ̀ sórí itan, á fi àtẹ́lẹwọ́ òsì ká ẹnu rẹ̀ bí ẹni ká ewé fún ẹ̀kọ, á sì máa da omi sí i díẹ̀díẹ̀ láti inú ahá. Bí ọmọ ṣe ń ké ni yóò máa gbé e mì. Ahá kan. Èkejì. Kò ní dáwọ́ dúró títí ikùn ọmọ yóò fi le. Lẹ́yìn náà, oorun. Oorun yẹn ni ẹ̀rí iṣẹ́ rẹ̀. Ìyá ọmọ á ráyè fẹ̀yìn lélẹ̀, àwọn ará ilé á sì máa sọ pé ọwọ́ Ìyá Awẹmọ dára.

Ó nídìí tí kò fi lè fi omi du ọmọ. Àkọ́bí rẹ̀, Àdìsá, kò lò ju ọjọ́ mọ́kànlá lọ láyé. Inú ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n bí i. Ara rẹ̀ gbóná, ètè rẹ̀ gbẹ bí ewé kòkó tó já sílẹ̀. Ìyá ọkọ Àsíátù ní òùngbẹ ló pa á. Kò fi ìbínú sọ ọ́, ó kàn sọ ọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ Àsíátù lára, kò sì jáde mọ́. Ó pinnu lọ́kàn ara rẹ̀ pé òùngbẹ kò ní pa ọmọ kankan mọ́ lọ́wọ́ òun.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1956 dé. Sàrátù, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó kù fún Àsíátù, bímọ fún Tìjání ọkọ rẹ̀ tó ń ránṣọ. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi retí ọmọ náà. Obìnrin. Kí ó tó di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni ìyá àgbà ti ń fi oríkì pè é: Àṣàkẹ́.

Oòrùn ọdún yẹn kì í ṣe kékeré. Odò ti fà, àwọn obìnrin ń gbẹ́ iyanrìn kí wọ́n tó rí omi pọn. Àsíátù kó ẹrù rẹ̀ wá sílé ọkọ ọmọ rẹ̀. Ọmọ ẹlòmíràn, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ló máa ń rọ ọ́. Ti Àṣàkẹ́ di ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Àárọ̀, ìyálẹ̀ta, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́, àṣálẹ́. Ọmú Sàrátù kún, ó le, ó ń dùn ún, nítorí ọmọ kì í fẹ́ mu ún. Àsíátù ní kò sí ohun tó ṣe ọmọ, ó ti yó ni.

Tìjání gbé ojú sókè nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ́jọ́ kan. "Ìyá, ṣé ọmọ ni àbí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ni ẹ ń bomi rin yìí?"

"Ìwọ gbájú mọ́ abẹ́rẹ́ rẹ. Omi la fi ń wẹ̀, omi la ń mu. Ta ló ń bá omi ṣọ̀tá?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kẹjọ pé, alùfáà wá sọmọ lórúkọ, èrò kún ojúde. Àṣàkẹ́ sùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Gbogbo wọn ń yìn ín pé ọmọ jẹ́jẹ́ ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹwàá, wọ́n wẹ̀ ẹ́, kò ké.

Ọmọ kankan kò wẹ̀ lórí ojúgun Àsíátù rí kí ó má ké. Ó wò ó dáadáa. Ìpéǹpéjú rẹ̀ wú. Ara rẹ̀ tutù, nínú oòrùn yẹn. Ó rọ ọ́ ní ahá kìn-ín-ní, omi náà ṣàn padà láti ẹ̀gbẹ́ ẹnu. Apá òsì ọmọ ta gìrì lẹ́ẹ̀kan. Ó tún ta gìrì.

Ọjọ́ kẹwàá. Mọ́kànlá ni ti Àdìsá.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé omi kò tíì tó. Ó na ọwọ́ sí ìkòkò. Sàrátù, tí kò gbójú sókè sí ìyá rẹ̀ rí, gba ọmọ rẹ̀ kúrò lórí itan Àsíátù. Ó ní, "Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má fún un mọ́."

Tìjání fi kẹ̀kẹ́ gbé ìyá àti ọmọ lọ sí ilé ìgbẹ̀bí. Àsíátù fẹsẹ̀ rìn tẹ̀ lé wọn. Ìgbà tó dé ibẹ̀ ló rí i pé ahá ṣì wà lọ́wọ́ òun.

Elizabeth ni agbẹ̀bí tó wà níbẹ̀, ọmọ Dáníẹ́lì àgbẹ̀ kòkó. Àsíátù ló wẹ òun náà nígbà tó wà ní jòjòló. Elizabeth kúnlẹ̀ kí i. Ó ti gbé Àṣàkẹ́ sí àárín ọmú ìyá rẹ̀, ara kan ara, ó sì ti fi aṣọ bò wọ́n. Ó bi Àsíátù bí ọmọ ṣe ń tọ̀. Àsíátù dáhùn, pẹ̀lú ìgbéraga díẹ̀, pé ìtọ̀ rẹ̀ funfun bí omi òjò, wọ́n kì í sì í lè ka iye ìgbà tó ń tọ̀. Elizabeth bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi iye omi tó ń rọ ọmọ lójúmọ́ han òun. Àsíátù bu omi sínú àwo. Ahá kan, èkejì, ẹ̀kẹta. Nígbà tó dé ìkẹwàá, àwo kún.

Elizabeth fa ọwọ́ Àṣàkẹ́ jáde lábẹ́ aṣọ, ìkúùkù kékeré, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo náà.

"Ìyá, ẹ wò ó. Ikùn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju èyí lọ."

Àsíátù wo ìkúùkù náà. Ó wo àwo. "Ṣé omi wá lè pa èèyàn ni, Elizabeth?"

"Bí ẹ bá bu omi kún ọbẹ̀ jù, kí ló ń ṣe ọbẹ̀ náà?"

"Á tẹ́. Iyọ̀ rẹ̀ á lọ."

"Ẹ̀jẹ̀ náà ní iyọ̀ tirẹ̀, Ìyá. Àgbà lè tọ àpọ̀jù omi dànù, síbẹ̀ bí ó bá mu ún jù lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè ṣe é ní jàǹbá. Ọmọ ọlọ́jọ́ mẹ́wàá kò lágbára yẹn. Omi sì ti gba àyè ọmú. Oorun tó ń sùn yẹn, oorun àìsàn ni."

Oorun. Ọgbọ̀n ọdún oorun. Àsíátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Elizabeth kò ṣèlérí. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe fún ọmọ ní omi, ọmú nìkan, bí apá rẹ̀ bá sì tún ta gìrì, wọn yóò wá ọkọ̀ gbé e lọ sí ọsibítù ńlá. Sàrátù ń fún wàrà díẹ̀díẹ̀ sí i lẹ́nu. Àsíátù kò ní iṣẹ́ kankan. Ìyẹn ló le jù.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ọjọ́ kọkànlá. Oòrùn ń jó páànù lórí wọn. Sàrátù lọ sí ẹ̀yìn ilé, ọmọ wà lọ́wọ́ ìyá àgbà. Àṣàkẹ́ lajú. Ó la ẹnu, ètè rẹ̀ gbẹ díẹ̀, ó sì ké, igbe tòótọ́. Ìkòkò omi kò ju ìgbésẹ̀ méjì lọ. Ahá wà lórí rẹ̀. Àsíátù rí ètè Àdìsá. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ti ń ká fúnra rẹ̀.

Ó tú ọwọ́ náà. Ó dìde, ó gbé ọmọ jáde sínú oòrùn, ó ń pe Sàrátù.

Sàrátù jókòó sórí òkúta ibẹ̀, ó fi ọmú sí i lẹ́nu. Àṣàkẹ́ gbà á. Ó fà á. Wọ́n gbọ́ ọ bó ṣe ń gbé e mì. Lẹ́yìn rẹ̀ ló tọ̀ sára ìyá rẹ̀, ìtọ̀ tó pọ́n díẹ̀, tí kò funfun bí omi òjò mọ́, Elizabeth sì rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tó rí aṣọ náà. Apá kò ta gìrì mọ́. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n padà sílé.

Àsíátù kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ilé tó ti wẹ ọmọ lọ́dún yẹn, ó padà lọ síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sọ fún wọn pé òun ṣìnà. Àwọn kan gbà. Ìyá àgbà kan lé e jáde, ó ní àwọn agbẹ̀bí ti yí i lórí. Àsíátù tún padà lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ahá kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá wẹ ọmọ tán, á ká ọwọ́ ọmọ náà jọ bí ìkúùkù, á fi han àwọn tó wà níbẹ̀ pé ikùn rẹ̀ kò ju báyìí lọ, á gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀ kí ó fún un lọ́mú. Lẹ́yìn náà ni yóò bu omi sínú ahá, yóò nà án sí ìyá ọmọ.

"Ìwọ ni kí o mu ún."

Bí ó bá sì mu ún tán, tó fẹ́ bu òmíràn, Ìyá Awẹmọ á kọ́kọ́ bi í bóyá òùngbẹ ṣì ń gbẹ ẹ́.