Ìwé Ọjọ́ Ìbí Leisavi

Ní erékùṣù Tongoa ní orílẹ̀-èdè Vanuatu, ní abúlé tí ọkọ̀ ojú omi kì í fẹ́ yà sí, Leisavi nìkan ló ń gbé ilé baba rẹ̀. Baba ti kú, ìyá ti kú, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó kù ti kó lọ sí Vila, olú ìlú, kò bojú wẹ̀yìn mọ́. Àwọn ọmọ wẹẹrẹ ló ń kọ́ níwèé láàárọ̀. Tí wọ́n bá ti tú ká, ó di òun àti ògiri ilé.

Oṣù mẹ́ta ni ọkọ̀ kò fi yà. Aboyún kan kú níbi tí wọ́n ti ń dúró de ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sílé ìwòsàn. Leisavi bá dìde láàárín ìjọ, ó ní ó yẹ kí ẹnì kan lọ máa wí tàwọn nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin.

Wọ́n ní, “Ẹnu tìẹ náà ńkọ́?”

Láti ọjọ́ náà, ilé rẹ̀ kún fún ènìyàn. Ó ti pẹ́ tí kò ti gbọ́ ẹ̀rín nínú ilé ọ̀hún.

Òfin Vanuatu ní ẹni tí kò bá tíì pé ọdún márùndínlọ́gbọ̀n kò gbọdọ̀ du ipò aṣòfin. Ìyẹn kò já Leisavi láyà: mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló wà nínú ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ó mú un lọ fi han Leiwia, àbúrò baba rẹ̀ obìnrin, níbi tó ti ń hun ẹní.

“Ta ló sọ fún ọ pé o tó mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n?”

“Ìwé ni, màmá.”

“Ìwé ẹ̀gbọ́n ẹ nìyẹn. Oṣù mẹ́jọ ló lò láyé. Ọdún kẹta la bí ẹ, a dá orúkọ náà padà fún ẹ, bí a ṣe ń ṣe. Orúkọ ò yí padà, kí la tún fẹ́ lọ bá ìjọba sọ? Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni ẹ́. Ṣùgbọ́n pa ẹnu ẹ mọ́ o! Òkú ò ní wá dìbò.”

Leiwia rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Leisavi ò rẹ́rìn-ín. Àṣé òun ní ẹ̀gbọ́n obìnrin, kò sì sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀ rí, nítorí òun ni wọ́n ń fi orúkọ náà pè.

Lọ́jọ́ ìforúkọsílẹ̀, Toara akọ̀wé ìjọba na bírò sí i. “Tọwọ́ bọ̀ ọ́, àbúrò. Ó kù díẹ̀ ká máa pè ẹ́ ní ọlọ́lá.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó ni ọdún yìí ti kú.”

“Ìwọ tó ń mí hẹlẹhẹlẹ níwájú mi yìí? Kí n wá kọ pé iwin ló wá du ipò?”

“Ẹ kọ ọ́ pé ó kú. Ẹnikẹ́ni ò kọ ọ́ rí. Lẹ́yìn náà, ẹ bá mi ṣe ìwé tèmi.”

Toara ju bírò sílẹ̀. “Wọ́n á bú ẹ nílé o.”

Wọ́n bú u lóòótọ́. Ìyàwó pásítọ̀ ní, “Olódodo ayé! Ọkọ̀ ti ń bọ̀, o ní kó padà!” Díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ èèyàn dá nílé rẹ̀. Ará abúlé mìíràn ló wọlé ìbò.

Nígbà tí ìwé tuntun dé, Leisavi rin iṣu, ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wé e ṣe laplap, ó sun ún lórí òkúta gbígbóná. Laplap kì í ṣe oúnjẹ ẹnì kan. Ó tú ewé, ó gé e sọ́nà mẹ́jọ, ó jókòó, ó ń wo ọ̀nà. Ó jẹ ẹyọ kan. Ọdún méjì ló kù kí òfin tó gbà á láyè láti lọ sọ̀rọ̀ nílé ìgbìmọ̀. Kò mọ̀ bóyá abúlé yóò ṣì fẹ́ gbọ́.