Agbádá Sùpáfáísọ̀ Lọ́wọ́ Róbọ́ọ̀tì

Láti Ìbàfò dé Mówè, kò sẹ́ni tó lè to fáànù bíi tèmi. Mi ò parí sẹ́kọ́ńdírì o, àmọ́ ọwọ́ mi yá ju tàwọn tó parí lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí n kọ́ róbọ́ọ̀tì níṣẹ́ nígbà tí kọ́ńpìnì wa rà á.

Apá kan ṣoṣo ni, funfun, kò gùn. Ẹ̀gbẹ́ wa níbi tábìlì ló ń dúró sí. Tí nǹkan bá dí i lọ́wọ́, á dúró. Tó o bá fẹ́ kọ́ ọ, wàá tẹ bọ́tìnnì ọrùn ọwọ́ ẹ̀, ọwọ́ náà á rọ̀, ìka ẹ̀ á ṣí, wàá wá fà á lọ sídìí bíléèdì fáànù, fà á bọ̀, kò ní gbàgbé mọ́. Mo kọ́ ọ títí tó fi ń ṣe é bíi tèmi gẹ́lẹ́.

Bó ṣe mọ̀ ọ́n tán báyìí, sùpáfáísọ̀ tó ń darí wa gba tábìlì mi. Ó ní kí n lọ máa gbálẹ̀ ná, tí ọ̀gá àgbà bá ti wá wò ó tó lọ, kí n padà sílé ìyá mi ní Ifọ̀. Ó ní, "Eléyìí kì í bèèrè oúnjẹ ọ̀sán, kì í sì í fọ́nnu." Gbogbo àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo gbé ìgbálẹ̀, mo gbé ọ̀rọ̀ náà sínú.

Jímọ̀ọ́ tí ọ̀gá àgbà wá, agbádá ni sùpáfáísọ̀ wọ̀, sítáàṣì ń dún fàràfàrà lára ẹ̀. Òun kan náà ló máa ń lé wa sílé tí apá aṣọ wa bá fẹ̀! Mo rí apá agbádá yẹn dáadáa. Mo ń gbálẹ̀ mi lọ.

Ó ní òun lòun kọ́ róbọ́ọ̀tì náà. Ó wá na ọwọ́ sídìí bíléèdì láti júwe. Róbọ́ọ̀tì ki agbádá mọ́ bíléèdì, ó dì í mú, aṣọ fà le, róbọ́ọ̀tì dúró. Ẹnì kan fẹ́ sáré lọ paná róbọ́ọ̀tì. Mo ní tó bá paná ẹ̀, bó ṣe dì í mú yẹn ló máa wà.

Ọ̀gá àgbà ní, "Ṣebí ìwọ lo kọ́ ọ? Ní kó fi ẹ́ sílẹ̀."

Sùpáfáísọ̀ wò mí. "Àbúrò, jọ̀ọ́."

Kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo fara ti ìgbálẹ̀ mi. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló kọ́ ọ?"

Ó wo òrùlé. Ó tún fà. Agbádá ya fàà.

"Ìwọ ni."

"Mi ò gbọ́ sà."

Ó tún un sọ, gbogbo ṣọ́ọ̀bù gbọ́.

Mo tẹ bọ́tìnnì, agbádá bọ́. Ọ̀gá àgbà bi mí pé kí ni mò ń fi ìgbálẹ̀ ṣe. Mo rò ó fún un látòkè délẹ̀, mi ò fi nǹkan kan pa mọ́.

Ọ̀gá àgbà ti dá mi padà sídìí tábìlì mi. Ìgbálẹ̀ yẹn ńkọ́? Ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì sùpáfáísọ̀ ni mo gbé e tì. Tó bá gbé e kúrò, tílẹ̀ bá mọ́, màá tún gbé e padà síbẹ̀. Inú mi ò tíì rọ̀.